Ohun Tí Báàjì Nusrat Kà

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún

Irọ́ ni pé ẹ̀rọ X-ray tuntun wa jó ọmọ inú Nusrat, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó jóná. Nusrat jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lójú mi lọ́sàn-án òní, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi èyí tó kù nínú búrẹ́dì nu abọ́. Ọbáléndé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà láàárọ̀, lẹ́nu obìnrin tó ń ta àkàrà fún àwọn awakọ̀. Nígbà tí mo máa fi dé ilé ìwòsàn wa ní Ìdúmàgbò, ìtàn náà ti sáré ṣáájú mi, orúkọ mi sì ti wọ inú rẹ̀: wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ló tan ẹ̀rọ náà sí obìnrin náà lára.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé yìí. Tíṣà wa ní Ìwárájà máa ń sọ pé ẹni tí irọ́ bá ń lé kiri, kó máa kọ òótọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó má baà di pé òun náà gba irọ́ ọ̀hún gbọ́.

Òótọ́ rèé. Gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní yàrá X-ray la ní báàjì kékeré kan láyà, tó ń ka ìtànṣán tó bá bà wá. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó wọn lọ fún kíkà. Èsì ti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ti Alhaji Mọ̀núrù, ọ̀gá wa, mọ́. Tèmi mọ́. Ti Nusrat ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ogún ni òfin gbà fún odidi ọdún kan. Oyún inú Nusrat sì ti pé oṣù mẹ́ta.

Kó tó di aago méjì ọjọ́ náà, wọ́n ti fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn yàrá wa. Ẹ̀rọ tí a fi ọdún mẹ́fà dúró dè, a ò tíì lò ó ju oṣù mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ CT tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n fẹ́ fi kún wa, àti ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn èmi, gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n ní bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí apá Ìkẹjà. Ẹ̀rọ lè lọ sí Ìkẹjà. Ibo ni Nusrat máa gbé ẹ̀rù ọmọ inú rẹ̀ lọ?

Èmi ò gbà pé òótọ́ ni. Ẹnì kan ló ṣe é.

Àwọn tó dúró tì mí lónìí: Nusrat, Alhaji Mọ̀núrù, àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Muqtadir ló yẹ kí n kọ́kọ́ fura sí. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ya X-ray fún àwọn tó lówó wà ní òdìkejì títì, ó dojú kọ géètì wa. Láti oṣù Kìíní tí a ti ṣí yàrá tuntun, àga ló ń gbé síta, tó ń jókòó gé èékánná. Lónìí, àwọn aláìsàn tò láti ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ẹ̀bá gọ́tà, ó sì ti fi ẹgbẹ̀rún méjì lé iye tó ń gbà lórí àyà.

"Òṣómàáló," bó ṣe pè mí nìyẹn, "wọ́n ní ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ìjọba yan ẹran."

Mo ní ọjọ́ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ya àyà tí kò ní dà bíi kùrukùru orí Ọ̀sà, kó ránṣẹ́ pè mí. Àwọn tó tò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ni ò sì jẹ́ kí ara tù mí. Ẹni tí a bú tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo rí Alhaji Mọ̀núrù tó ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù Muqtadir. Ó fi àpòòwé ńlá kan há abíyá. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ náà ò sì tètè já.

Alhaji ló máa ń kó báàjì wa jọ, òun ló ń dì wọ́n, òun ló ń fi wọ́n ránṣẹ́. Bí báàjì kan bá sùn sílé rẹ̀ mọ́jú, ta ló máa mọ̀? Bó bá sùn sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tan ìtànṣán láti àárọ̀ dé alẹ́ ńkọ́?

Alhaji ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn nígbà tí a ṣì ń lo ẹ̀rọ àtijọ́. Oṣù Kẹsàn-án ló máa fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí láti kọ ohun tí mo kọ yìí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Àwọn tó dúró tì mí ku méjì.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Òjò láti aago mẹ́rin ìdájí. Omi gba gbogbo Ìdúmàgbò, mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lábẹ́ omi. Mo dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún, mo wá bá Alhaja Morufat lórí àga mi.

Alhaja Morufat ni ìyá ọkọ Nusrat. Ó ń ta mílíìkì àti ìndómì ní páálí páálí ní Òkè Àrin, ohùn tó sì fi ń pe àwọn alábàárù níbẹ̀ náà ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò wá jà. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ọ̀gá wa kọ ọ́ sínú ìwé fún òun pé ọmọ tí ìyàwó ọmọ òun máa bí á ní ojú méjì, etí méjì, àti orí tó pé. Alhaji Mọ̀núrù ní kò sí ènìyàn tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún aboyún kankan láyé. Alhaja ní ó dáa, kí Nusrat kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọmọ òun nígbà náà. Nusrat wà lórí ìkúnlẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, kò dìde kó ẹrù kankan.

Ni Alhaja bá yíjú sí mi.

"Ìwọ ni Fẹ́mi?"

"Èmi ni, ma."

"Ṣé ìwọ lo tan án sí i lára?"

"Rárá, ma. Mi ò tan ẹ̀rọ yẹn rí nígbà tí Nusrat wà nínú yàrá."

"Ìgbà wo wá lo máa ń tan án?"

Alhaji wúkọ́, ó sì béèrè bóyá Alhaja á mu omi. Alhaja wò mí títí, ó wá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó jáde. Ìbéèrè yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó ń ta páálí mílíìkì ò yẹ kó mọ ìbéèrè bí irú èyí.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Àdéníjí. Ọmọ náà jábọ́ lórí àtẹ̀gùn, apá rẹ̀ sì ti tẹ̀ níbi tí apá kì í tẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé fún un pé yàrá wa wà ní títì, obìnrin náà ń wo ẹnu nọ́ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè mìíràn. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọmọ náà kọjá títì lọ bá Muqtadir. Ó yà á lójú ẹsẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá náà.

Èyí tún mú kí n fura sí i sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Mo ṣe ohun tí mi ò gbọdọ̀ ṣe lónìí.

Alhaji tún ti ṣọ́ọ̀bù Muqtadir bọ̀, ó tún gbé àpòòwé. Mo dìde níwájú Mátírọ̀n àti àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú àpòòwé yẹn, kí sì lẹ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ká tilẹ̀kùn?" Alhaji wò mí bíi pé mo di ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ó tú àpòòwé náà sórí tábìlì, fíìmù àyà ló dà sílẹ̀. Mọ́kànlá. Orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ gbogbo wọn. Àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ wa ni, àwọn tó ń gba oògùn oṣù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ya àyà kí dókítà tó mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Alhaji ló lọ bẹ Muqtadir pé kó bá òun yà wọ́n láìgba owó, ìdí sì nìyẹn tí Muqtadir fi ń fowó lé ti àwọn tó lówó.

Alhaji kó fíìmù náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Fẹ́mi, bá mi fi orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, ọwọ́ rẹ dáa jù tèmi lọ."

Mo kọ gbogbo mọ́kànlá. Ọwọ́ mi ò dáa lónìí.

Mo ti yọ bàbá géètì kúrò, Nusrat nìkan ló kù tí mo lè kà. Alhaji ńkọ́? Mi ò mọ ibi tí mo máa kà á sí.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Karùn-ún

Alhaji béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìtànṣán rán ẹnì kan sí wa lónìí. Dókítà Adéníkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tínínrín kan tí kì í jókòó. Wọ́n ṣí àgádágodo fún un, ó sì gbé ohun ìwọ̀n kékeré kan yí gbogbo yàrá ká, lẹ́yìn ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lẹ́yìn dígí tí ẹni tó ń ya àwòrán máa ń dúró sí. Kò sí ibi tó ń jò. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí yàrá bá mọ́ tí báàjì ò sì mọ́, ọ̀kan nínú méjì ni: ẹni tó ni báàjì dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí, tàbí báàjì lọ síbi tí ẹni tó ni ín ò lọ. Ó bi Nusrat bóyá ó máa ń bọ́ ọ. Nusrat ní rárá, ara kóòtù òun ló máa ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ó wá bi mí ta ló ń lo ẹ̀rọ náà. Mo ní Nusrat ni, àti Alhaji.

Irọ́ nìyẹn. Irọ́ àkọ́kọ́ tó wọ inú ìwé yìí, ẹnu mi ló sì ti jáde. Mi ò pa á torí ara mi nìkan. Ó ní òun máa padà wá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ìyẹn lòun máa kọ èsì òun.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Nusrat lọ ya síkáànù oyún. Ọkàn ọmọ náà ń lù kìkì. Dókítà ibẹ̀ ní síkáànù lè fi ọkàn hàn, kò lè fi ohun tí ìtànṣán ṣe hàn. Nusrat sọ fún mi pé òun ò tíì ra nǹkan kan fún ọmọ náà, fìlà kékeré kan pàápàá, kó má baà dà bíi pé òun ń retí. Mo lọ bá a ra àgbàdo sísè. Igba náírà fún ọ̀kan, àgbàdo tí kò gùn tó ìka mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Nusrat fi ẹran ránṣẹ́ sí mi ní Ọbáléndé. Ẹni tó gbé e wá ní Alhaja Morufat ní kí wọ́n sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ òun ni ẹran náà ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Mo rí i. Kí n fara balẹ̀ kọ ọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti tilẹ̀kùn ni wọ́n ti gbé Nusrat lọ sí ọ́fíìsì tí a ń kó káàdì aláìsàn sí. Mo lọ bá a níbẹ̀ lónìí nítorí orúkọ aláìsàn kan. Àsìkò ìrun ọ̀sán tó, ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀ kó má baà tutù lápá, ó nà án sí mi láìwò mí, ó jáde. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo dúró pẹ̀lú kóòtù náà lọ́wọ́, mo ń wá ìṣó tí mo máa fi kọ́.

Ìṣó ò sí níbẹ̀. Yàrá X-ray ni ìṣó wà. Èmi ni mo kàn án mọ́ ògiri ní oṣù Kìíní, lẹ́yìn ìgbà tí kóòtù rẹ̀ já sínú omi nílé ìtọ̀. Mo wá ibi tó gbẹ, tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní fara gbá a, mo sì kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí aláìsàn máa ń fi àyà tì bí a bá fẹ́ yà á.

Báàjì náà wà lápò kóòtù. Kò kúrò níbẹ̀ rí. Nusrat ò purọ́.

Bí Nusrat bá sì lọ kírun, Alhaji náà á lọ. Aláìsàn á kún ìta títí dé orí àtẹ̀gùn. Láti ọdún tó kọjá la ti fẹnu kò sí i láàárín ara wa: bí wọ́n bá ń kírun, èmi tí mi ò kírun ni mo máa ń ya àyà. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn náà á di tèmi mú kí n lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìwé tó fún mi láṣẹ, mi ò kàwé rẹ̀, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Mẹ́fà, méje lójúmọ́. Mo sì ń yangàn pé mi ò gé ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni rí nínú àwòrán, nítorí pé mo máa ń ṣí ojú ẹ̀rọ náà gbòòrò dé ibi tó lè dé, kó kọjá aláìsàn lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́tùn-ún ni ìṣó wà.

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń wá ọ̀tá. Mo fura sí Muqtadir, mo fura sí Alhaji, lọ́jọ́ kan mo fura sí bàbá tó ń ṣọ́ géètì nítorí pé ó ra fóònù tuntun.

Nusrat padà wá, omi ṣì wà lójú rẹ̀, ó bi mí ìdí tí mo fi ń gbọ̀n. Mo ní òtútù ni. Irọ́ kejì.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ ìsinmi. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé Alhaji ní Àgárawù.

Ohun tó dì mí lọ́rùn rèé. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ á lọ, Nusrat á sì máa ka oṣù oyún rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ọjọ́ ìdájọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí ta ló gbà mí láyè, Alhaji ló sì gbà mí láyè. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ di olè níwájú Mátírọ̀n. Ṣé èmi náà ni mo tún máa gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó ń tún ìgbànú aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí mo dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó béèrè bóyá ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀, mo ní ó wà níbẹ̀. Ó béèrè bóyá mo ti sọ fún ẹlòmíràn, mo ní rárá. Ìgbà yẹn ni mo tún fura. Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n lọ yọ ìṣó náà.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Alhaji sọ. "Jẹ́ kí dókítà yẹn bá a níbi tó wà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi sin ìjọba, Fẹ́mi. Mi ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìfẹ̀yìntì."

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ jáde fún àwa méjèèjì, mi ò lè jẹ ẹ́. Alhaji jẹ tirẹ̀, ó sì jẹ tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Dókítà Adéníkẹ́ dé ní aago mẹ́wàá. Mo pàdé rẹ̀ ní géètì, mo ní, "Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí, ma. Èmi náà ń lo ẹ̀rọ yẹn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀.

Wọ́n ṣí yàrá náà. Alhaji wọlé, Nusrat wọlé, Mátírọ̀n wọlé, àwọn tí a ò pè náà wọlé. Alhaja Morufat tẹ̀lé Nusrat wá, ó dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Dókítà ní kí n ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án, kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Mo gba kóòtù Nusrat, mo fi kọ́ ìṣó. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi sórí àpótí níbi tí àyà aláìsàn máa ń wà. Lẹ́yìn náà mo tan iná tó máa ń fi ibi tí ìtànṣán máa dé hàn kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ṣí i gbòòrò bí ìṣe mi.

Iná náà bo kẹ́ẹ̀gì. Ó kọjá kẹ́ẹ̀gì, ó gun ògiri, ó sì dúró sórí kóòtù funfun náà. Báàjì tàn lápò rẹ̀ bí ojú ológbò.

Dókítà ní ká jáde, ó fi ohun ìwọ̀n rẹ̀ sí àpò kóòtù, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje láti ẹ̀yìn dígí, ó kà á, ó sì fi fóònù rẹ̀ ṣe ìṣirò iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù mẹ́ta. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ó bọ́ sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀.

"Kóòtù yìí ló gba ìtànṣán," ló sọ fún Nusrat. "Ìwọ kọ́. Ìwọ wà lórí ẹní ìkírun."

Nusrat jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, ó sunkún tí kò ní ohùn. Alhaja Morufat gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó jókòó tì í. Dókítà bi mí ta ló kàn ìṣó, mo ní èmi ni. Ta ló ń ṣí iná gbòòrò bẹ́ẹ̀, mo ní èmi ni. Ta ló fún ọ láyè? Kí n tó lanu, Alhaji ti dáhùn: òun ni.

Mi ò ka àwọn tó dúró tì mí lónìí. Yàrá náà kún, mi ò sì mọ ẹni tó dúró nítorí mi yàtọ̀ sí ẹni tó dúró nítorí pé kò sí àga. Mi ò ní kà wọ́n mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹfà

Èsì ò tíì dé. Mi ò gbà á gbọ́ pé wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn yẹn títí mo fi máa rí i ní ṣíṣí. Ìwé máa ń sọnù láàárín ọ́fíìsì méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Lẹ́tà dé. Mo kà á nígbà mẹ́rin, mo ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn sí. N ò rí i.

Nọ́ńbà ara báàjì kì í ṣe ti Nusrat, wọ́n ti fagi lé e. Ẹ̀rọ ò ní lọ síbì kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń bọ̀, kí yàrá má baà wà lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé rẹ̀ nígbà ìrun tàbí nígbà mìíràn. Alhaji gba lẹ́tà ìkìlọ̀, wọn ò fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Orúkọ mi kúrò nínú ti ilé ẹ̀kọ́. Mi ò gbọdọ̀ kọjá ìlà pupa tí wọ́n kùn sí ẹnu ọ̀nà yàrá X-ray. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ orúkọ aláìsàn níta, kí n sì máa tò wọ́n.

Nusrat ní òun máa lọ bá wọn sọ ọ́, kò tọ́. Mo ní kó má lọ. Ó tọ́. Ọgọ́rùn-ún mélòó ni mo ti yà láìmọ ohun tí mò ń ṣe, tí ìtànṣán kọjá àyà wọn lọ sí apá, lọ sí ikùn? Ìyẹn ò sí nínú lẹ́tà wọn. Èmi mọ̀ ọ́n.

Mo yọ ìṣó náà kí wọ́n tó kun ìlà pupa.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje

A ṣí. Aláìsàn méjìdínlógójì. Òjò ò rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun, Qaanitah, béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ń kó épírọ́ọ̀nù òjé tó ń dènà ìtànṣán sí. Mo dúró lẹ́yìn ìlà pupa, mo fi ìka júwe rẹ̀.

Muqtadir ti gbé àga rẹ̀ padà síta.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Alhaja Morufat wá pẹ̀lú ìwé dókítà. Ó ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtìgbà tí omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí páálí sì ti ń bu. Mo kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà kọkàndínlógún. Ó ní ṣé òun náà ló máa tò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ó tò.

Nígbà tó kàn án, Qaanitah jáde wá sọ fún un pé kó bọ́ ohunkóhun tó bá jẹ́ irin tàbí góòlù lọ́rùn àti létí, nítorí pé ó máa hàn nínú àwòrán. Alhaja wo àga, ó wo fèrèsé, ó wo àwọn tó jókòó. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, èyí tó nípọn bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ó bọ́ yẹtí méjèèjì, ó sì dúró pẹ̀lú wọn lọ́wọ́.

"Fẹ́mi, na ọwọ́."

Mo na ọwọ́.

"Ojú tí mo fi ń wò ọ́ ṣì wà níbi tó wà o."

"Mo mọ̀, ma."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì. Mo gbọ́ ohùn Nusrat láti ẹ̀yìn dígí: "Ìyá, ẹ fa èémí sínú. Ẹ mú un dání. Ẹ má mí." Èmi náà tí mo wà níta ò mí títí ẹ̀rọ náà fi dún.

Alhaja jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó gba góòlù rẹ̀, ó kà á lójú mi, ó yí ẹ̀gbà ọrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá mo gé níbẹ̀, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni, mà á kà á lẹ́ẹ̀kẹta.